Ẹsẹ̀ Ológbò Nínú Wáyà Wa

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Ọ̀pẹ

Ìjì eruku náà rọlẹ̀ lánàá, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Eruku wà nínú ṣúgà, ó wà lórí ibùsùn, ó wà láàárín eyín mi. Ooru dé 46 ní agogo méjì ọ̀sán. Mo fi ọkọ̀ wo apá ìlà-oòrùn àti apá àríwá wáyà tó yí ọgbà ẹranko wa ká, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Nígbà tó ku apá ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀yìn mi sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo padà sílé, mo mu tíì, mo sì kọ "ìwọ̀-oòrùn, ó dára" sínú ìwé wáyà, nítorí ìrọ̀lẹ́ Ajé ni Fenwick, ọ̀gá wa tó wà nílùú, máa ń pè láti gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé náà. Ọ̀la ni màá lọ wò ó. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé ibí, apá ibẹ̀ ò já rí.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo so irin rélùwéè mọ́ ìdí ọkọ̀, mo wọ́ ọ yí ọ̀nà inú ká, kí iyanrìn lè tẹ́jú fún kíka ipa ẹsẹ̀ láàárọ̀.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Ọ̀pẹ

Ẹ̀rọ omi ló gba gbogbo àná lọ́wọ́ mi. Òní ni mo tó dé ìwọ̀-oòrùn.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Ìjì ti gbá gbogbo igbó gbígbẹ tó ń yí kiri ní pápá jọ sí ara wáyà. Ó ga ju orí mi lọ, iyanrìn sì ti bò ó mọ́lẹ̀ títí ó fi di òkè kékeré tí èèyàn lè rìn gùn. Orí wáyà wa máa ń mì, ohun tó bá ń pọ́n ọn bọ̀ láti ìsàlẹ̀ á já bọ́ padà síta. Ṣùgbọ́n kí ni orí tó ń mì yóò ṣe fún ohun tó rìn gòkè wá bá a, tó sì fò kọjá?

Mo fi ṣọ́bìrì kó o dànù láti agogo mẹ́fà títí di mọ́kànlá. Mo wá irun lára wáyà, mi ò rí. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ohun tó wọlé. Mo sọ ọ́ sókè ni o, bí ẹni pé ẹnì kan bi mí.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù Ọ̀pẹ

Ó wọlé.

Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, nítòsí òpó kìlómítà kẹta. Ó rí roboto, ìka mẹ́rin, kò sí èékánná. Ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa ń ní èékánná, ológbò ló máa ń fi tirẹ̀ pamọ́. Ìgbà márùn-ún ni mo kúnlẹ̀ wò ó, bóyá ojú mi ló ń tàn mí. Ipa àwọn elétí gígùn wa, àwọn ẹran kékeré bí òkété tí a torí wọn fa wáyà yìí, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn kọrí sí.

Elétí gígùn mọ́kànlélógójì la kà nínú oṣù tó kọjá. Láti ibí títí dé etí òkun, kò sí òmíràn tó kù lágbègbè yìí. Inú wáyà ni wọ́n bí gbogbo wọn sí. Wọn ò rí ológbò rí, wọn ò mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn sá. Bó bá rìn tọ̀ wọ́n lọ, ńṣe ni wọ́n á gbé imú sókè láti gbóòórùn rẹ̀.

Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Ọ̀pẹ

Mo pe Fenwick. Ó ní òun á fi pàkúté méjìlá ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ lẹ́tà.

"Ìgbà wo lẹ wo ìwọ̀-oòrùn kẹ́yìn, Una, ṣáájú kí ẹ tó rí ẹsẹ̀ yìí?"

"Ọjọ́ Ajé wà nínú ìwé."

"Ó sì dára?"

"Ohun tí mo kọ nìyẹn."

Kì í ṣe irọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ bíbí inú irọ́ ni. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 10 oṣù Ọ̀pẹ

Pàkúté dé. Mo dẹ méjèèjìlá, mo fi itan adìẹ sí wọn. Lẹ́bàá òpó karùn-ún, mo rí ìrù elétí gígùn kan nílẹ̀, dúdú, tí ṣóńṣó rẹ̀ funfun. Ìrù nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo wé e sínú áńkáṣíìfù mi, mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Ọ̀pẹ

Bevan Tulloch, aládùúgbò mi tó ń sin màlúù ní ọgọ́ta kìlómítà sí ibí, wá pẹ̀lú ìbọn rẹ̀ àti kábéèjì kan. Ó ní dọ́là mọ́kànlá ni wọ́n ń ta kábéèjì báyìí nílé epo, pé kí n rọra máa jẹ ẹ́.

"Ìyá Eléku," ó ní, "mo gbọ́ pé ẹ gbàlejò."

"Bevan, mi ò sí nínú ẹ̀fẹ̀ lónìí."

"Ìgbà wo lẹ ti wà nínú ẹ̀ rí? Ẹ jẹ́ n mú ajá mi wọlé. Á mú un kí ẹ tó fọ abọ́ tán."

"Ajá ò gbọdọ̀ wọ inú wáyà. Òfin ni."

"Ológbò náà ńkọ́? Ṣé ó gbàwé àṣẹ ni?"

Ó gun orí táńkì omi, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lórí itan láti agogo mẹ́rin títí oòrùn fi wọ̀. Kò rí nǹkan kan àfi eṣinṣin. Nígbà tó ń lọ, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ìyẹn gan-an ló wá dẹ́rù bà mí. Ó ní kí n má rìn jìnnà nìkan nínú ooru yìí, pé tí mo bá ṣubú, ọjọ́ tí ọkọ̀ lẹ́tà bá tún dé ni wọ́n máa tó mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Ọ̀pẹ

Kérésìmesì. Ooru 47. Mo ṣí kéèkì inú agolo. Ìrù mẹ́sàn-án.

Àbámẹ́ta, 3 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Pàkúté mú alángbá ńlá kan, mo tú u sílẹ̀. Ológbò yẹn ò tilẹ̀ yà wò wọ́n. Mo rí i pé ó rìn kọjá lẹ́bàá kan, kò dúró, kò yí ọrùn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi báyìí ni pé mo ń wọ́ irin lójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ bó ti yẹ, ṣùgbọ́n tó bá di àárọ̀, mi ò fẹ́ lọ kà á. Mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ títí di agogo mẹ́jọ. Clem, ọkọ mi, ì bá ti lọ. Ṣùgbọ́n tí Clem bá wà láyé, ìwọ̀-oòrùn ì bá ti di wíwò lọ́jọ́ Ajé, nítorí kò mọ bí èèyàn ṣe ń fi iṣẹ́ dọ̀la. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹsẹ̀ elétí gígùn tí mo kà lónìí ò tó ìdajì tàtijọ́.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ìrù mẹ́tàdínlógún. Mo pe Àǹtí Dulcie.

Ilẹ̀ àwọn baba wọn ni ilẹ̀ yìí, Àǹtí fúnra wọn ló sì kọ́ èmi àti Clem bí a ṣe ń ka ẹsẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ dé. Ó yẹ kí n ti pè wọ́n láti ọjọ́ kìíní. Mi ò pè wọ́n, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ni yóò bi mí ní ìbéèrè tí mi ò fẹ́ dáhùn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ìtìjú mi fi pa àwọn ẹran yìí jẹ.

"Kí lo fi sínú pàkúté?" wọ́n bi mí.

"Adìẹ, Àǹtí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. "Ẹran tútù ń rìn kiri níwájú ẹ̀, ìwọ wá ń fi òkú adìẹ bẹ̀ ẹ́. Kó adìẹ yẹn jáde kó tó pa ẹ́ pẹ̀lú òórùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

"Mò ń bọ̀. Mo ní òkú kan láti sin ná, ó di Ọjọ́rú. Fi omi sínú fíríìjì. Má sì fẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà yẹn mọ́, o máa ń wọ́ ẹsẹ̀ bíi ràkúnmí."

Ọjọ́rú, 14 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Àǹtí dé ní agogo mẹ́wàá, àwọn nìkan, nínú ọkọ̀ Toyota tí kò ní ilẹ̀kùn kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n. Ọ̀pá irin kan ni wọ́n mú wá, irú èyí tí a fi ń gbẹ́ ihò òpó. Wọ́n ní kí n ṣílẹ̀kùn ọgbà, wọ́n wa ọkọ̀ yí gbogbo wáyà ká, wọ́n sì padà wá láìsọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n jẹ ẹran àgùntàn àti búrẹ́dì tí mo yan sínú eérú gbígbóná, wọ́n sì sùn.

Mo ní ṣé kí n jí wọn ní agogo márùn-ún àárọ̀, kí ilẹ̀ tó gbóná.

"Agogo mọ́kànlá la máa jáde."

"Nínú ooru yìí, Àǹtí?"

"Àwa gbé omi dání. Òun gbé irun wọ̀. Ta lo rò pé ó máa kọ́kọ́ rẹ̀?"

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́

A rí ẹsẹ̀ tuntun lẹ́bàá òpó kejì, a sì tẹ̀ lé e. Àǹtí ò sáré, wọn ò sì dúró. Wọ́n á fi ọ̀pá tọ́ka síwájú, a ó sì rìn dé ibẹ̀. Níbi tí ẹsẹ̀ bá ti pòórá lórí koríko ẹlẹ́gùn-ún, wọn kì í wá a nílẹ̀. Wọ́n á ro ibi tí àwọn ì bá gbà ká ní àwọn ni ológbò, a ó sì bá a lódìkejì. Ẹ̀ẹ̀mejì la rí ibi tó ti dìde lábẹ́ igbó nígbà tó gbọ́ ìró wa. Ní agogo méjì, ó gba orí àpáta, ibẹ̀ la ti sọ ọ́ nù.

Etí mi ń hó. Ọkàn mi ń lù débi pé mo fi ọwọ́ dì í mú láti ìta. Mo rò pé ibí ni màá kú sí. A jókòó sí òjìji igi aṣálẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní múlgà, Àǹtí da omi sí mi lọ́rùn.

"Báwo ló ṣe wọlé?" wọ́n bi mí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí, tíì tí mo mu, ọ̀rọ̀ méjì tí mo kọ sínú ìwé, ọjọ́ méjì tó kọjá kí n tó débẹ̀, ohun tí mo sọ fún Fenwick. Mo sunkún, omi ojú ò pọ̀ nítorí ara mi ti gbẹ.

Wọ́n ń wo orí àpáta. "Mo rí òkìtì igbó tó o kó dànù. Ìjì ọjọ́ mẹ́ta ló lè kó irú ẹ̀ jọ. Mo béèrè lọ́wọ́ Bevan ọjọ́ tí ìjì náà parí, mo sì ka ohun tó o kọ sínú ìwé wáyà lọ́jọ́ Ajé. Mo ti mọ̀ látàná."

"Kí ló dé tí ẹ tún fi bi mí?"

"Kí n lè mọ ẹni tí mò ń bá rìn."

"Ẹ ò bínú sí mi?"

"Inú ń bí mi gan-an. Dìde, ká lọ sinmi. Lọ́tùn-únla la máa mú un."

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo pe Fenwick kí n tó jẹun, kí ọkàn mi má baà yí padà. Mo sọ fún un bí mo ti sọ fún Àǹtí, láìbu iyọ̀ sí i.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ, Una?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Mi ò lè fi èyí pamọ́."

"Mi ò ní kí ẹ fi pamọ́."

Ó pè padà ní ọ̀sán. Wọ́n á rán ẹlòmíràn wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní oṣù Igbe. Títí di ìgbà náà, kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Ohùn rẹ̀ ò le, ó dà bí ẹni tó rẹ̀. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mi ò sì mọ ibòmíràn tí mo lè máa gbé. Ẹ̀rù bà mí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àbámẹ́ta, 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́

A ti pa á.

Ooru 45. A gbé e dìde ní agogo mọ́kànlá kọjá díẹ̀, a ò sì jẹ́ kó sinmi mọ́. Àǹtí dúró sí apá àpáta kó má lè gba ibẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí èmi máa tẹ̀ lé ẹsẹ̀. Èmi nìkan. Mo bẹ̀rù pé màá sọ ọ́ nù, mo ń sọ̀rọ̀ sókè bí aṣiwèrè: ó yà sí ọ̀tún, ó dúró níbí, ó tún ń lọ. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. Lẹ́yìn èyí, ó ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ gbogbo igbó tó bá kàn. Àǹtí ti wá bá mi nígbà náà.

A bá a lábẹ́ igbó kan tí kò tó orókún mi. Ó ya ẹnu, ahọ́n rẹ̀ wà níta, kò lè sáré mọ́. Ó wò wá. Àǹtí lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo jókòó sórí iyanrìn gbígbóná, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ti ń ronú pé ó parí. Àǹtí yí i padà, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ikùn rẹ̀, wọ́n sì gbé àtàǹpàkò náà sókè kí n rí i. Ó tutù, ó funfun.

"Oyún ló gbé wọlé," wọ́n ní. "Orí ọmú márùn-ún ló tutù. Márùn-ún ni àwọn ọmọ ẹ̀."

Àìkú, 18 oṣù Ṣẹ́rẹ́

A ka ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn láti àárọ̀. Inú ihò elétí gígùn àtijọ́ kan ni àwọn ọmọ náà wà. Mo dojú bolẹ̀, mo ti apá mi wọ ibẹ̀ dé èjìká. Wọ́n ń ṣe ṣììì sí mi bí ejò, wọ́n tó ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, eyín ti yọ lẹ́nu wọn. Mẹ́rin ni mo fà jáde. Èkarùn-ún ò sí níbẹ̀.

Àǹtí pa méjì, wọ́n fi hàn mí bí kò ṣe ní dùn wọ́n. Èmi ṣe ti méjì.

A wá èkarùn-ún títí di ọ̀sán. Nígbà náà ni òjò dé, òjò àkọ́kọ́ láti oṣù Ọ̀wàrà, òjò tí mo ti ń gbàdúrà fún. Ó fọ gbogbo ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Àǹtí lọ, ọkọ̀ wọn ò ní lè kọjá tí odò bá kún.

"Bí èkarùn-ún bá jẹ́ akọ, ó ṣì dáa díẹ̀," wọ́n ní. "Bó bá jẹ́ abo, tí àwọn akọ ológbò ìta bá gbóòórùn ẹ̀, gbogbo wọn á máa bá wáyà yín jà."

"Bóyá á kú fúnra ẹ̀, Àǹtí."

"Bóyá. Ìwọ wá fẹ́ máa sùn lórí bóyá?"

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Kò sí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ elétí gígùn méjìlélógún, ó ṣeé ṣe kí n ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Abo kan ń gbé ọmọ nínú àpò ikùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì ju ti àwọn yòókù lọ. Mo dúró tì í, mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Kò sí nǹkan kan. Àìrí i gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Àìkú, 25 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo rí ẹsẹ̀ náà ní agogo mẹ́fà. Ó kéré bí owó ẹyọ. Ó gba ojú ọ̀nà kọjá, ó kọrí sí ilé mi.

Abẹ́ táńkì ni ọmọ ológbò náà wà, níbi tí ẹnu ẹ̀rọ ti ń kán. Ó ní ìlà eérú lára, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Mo rò pé á sá, mo ti múra láti lé e. Kò sá. Ó ya ẹnu sí mi, ohùn ò jáde. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rìn wá fara ti bàtà mi.

Abo ni. Mo gbé e, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ká jọ sí itan mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó sùn. Mo rò ó pé ìyàwó Bevan máa gbà á. Mo rò ó pé mo lè fi sínú ilé, kí n ti fèrèsé, títí oṣù Igbe tí èmi náà máa lọ. Fenwick ò sí níbí. Àǹtí ti lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, mo sì lè sọ fún wọn pé òjò ti pa á. Ẹ̀rù tó bà mí lórí àtẹ̀gùn yẹn ju ti gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yìí lọ, nítorí mo ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Mo jẹ́ kó sùn fún ìgbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, mo gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé irinṣẹ́, mo ṣe é bí Àǹtí ti fi hàn mí. Kò jí.

Mo pe Àǹtí.

"Àǹtí, ó pé márùn-ún."

"Ṣé ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni."

"O ti jẹun?"

"Rárá o."

"Lọ jẹun."

Mo din ẹyin méjì. Mo ti gé e sí wẹ́wẹ́, ó ti tutù, ó ṣì wà níwájú mi níbi tí mo ti ń kọ èyí.